Kí Ni Kámẹ́rà Kọ̀ǹpútà Ń Rí Lójú Wa?

Ní oṣù kìíní ọdún 2011, àjọ elétò ìdìbò, INEC, kó kọ̀ǹpútà alágbèéká, ẹ̀rọ ìtẹ̀ka àti kámẹ́rà kékeré jáde sí gbogbo ìpínlẹ̀, wọ́n sì fi forúkọ olùdìbò tó lé ní mílíọ̀nù 73 sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Bàrígà nílùú Èkó, ìgbà náà ni wọ́n kọ́kọ́ jókòó síwájú irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n rí ojú ara wọn lójú kọ̀ǹpútà lójú ẹsẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìforúkọsílẹ̀ síìmù gbilẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ tẹ́ tábìlì sábẹ́ agbòòrùn láti Ladi-Lak títí dé Fọ́lá Àgòrò. BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báǹkì ń lò, dé ní 2014. Nígbà tí 2020 ń parí lọ, ìjọba ní kí oníkálùkù so NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, mọ́ síìmù rẹ̀, èrò sì kún ẹnu ọ̀nà àwọn tó ń ṣe é bámúbámú. Ètò ń yí padà, orúkọ ń yí padà, àmọ́ irinṣẹ́ tó ń wò wá lójú kò fi bẹ́ẹ̀ yí: kámẹ́rà kékeré tó há sí etí kọ̀ǹpútà, tàbí tí wọ́n ti kàn mọ́ ọn lára láti ilé iṣẹ́ wá.

Ẹ wo àwòrán tó wà lára àwọn káàdì tó ń ti inú irú ètò bẹ́ẹ̀ jáde. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ògiri ẹ̀yìn funfun báláú, ojú ẹni tó ni káàdì sì ṣókùnkùn débi pé ẹyinjú nìkan ló hàn. Mo fi etí ara mi gbọ́ tí òṣìṣẹ́ kan sọ fún ìyá kan tó jókòó níwájú rẹ̀ pé, “Mama, kámẹ́rà yìí ò lè mú yín dáadáa, ẹ ti dúdú jù.” Ìyá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò sí wàhálà. Wàhálà wà níbẹ̀. Àwòrán yẹn ni báǹkì, àjọ elétò ìdìbò àti ọlọ́pàá yóò máa fi dá a mọ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ohun tí òṣìṣẹ́ náà sọ kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kámẹ́rà náà yóò mọ ibi tí ẹ̀bi wà, yóò sì mọ̀ pé àtúnṣe rẹ̀ kò ju ká gbé àga láti ibì kan sí ibòmíràn lọ.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìtòsí Jagunmólú ló bá mi tú ọ̀kan nínú irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ palẹ̀. Ó fi súkúrúdíráfà tín-ín-rín tú ìdè méjì ẹ̀yìn rẹ̀, ó ki èékánná bọ àárín ike méjèèjì, ike náà dún pà, ó là. Pátákó aláwọ̀ ewé kan ló wà nínú rẹ̀, kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò méjì lọ. Wáyà tín-ín-rín mẹ́rin ló wọ inú rẹ̀: pupa àti dúdú ń gbé iná fóòtì 5 wá láti ara kọ̀ǹpútà, funfun àti aláwọ̀ ewé ń gbé àwòrán jáde, àwọn méjèèjì yìí náà ló sì ń gbé àṣẹ kọ̀ǹpútà wọlé. Ihò roboto kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ pátákó náà fún ohùn. Ní àárín gan-an ni lẹ́ńsì dúró sí.

Ó so wáyà náà mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó kọjú kámẹ́rà oníhòòhò yẹn sí mi, ó wá fi ìka méjì yí lẹ́ńsì náà díẹ̀. Ojú mi ṣú bàìbàì. Ó yí i padà, irùngbọ̀n mi hàn ní ẹyọ-ẹyọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i,” ó ní. “Ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń gbé wá pé ó ti bàjẹ́, lẹ́ńsì yìí ló kàn yí kúrò láyè ẹ̀. Àwọn mìíràn, ọ̀rá ọwọ́ ló bo ojú ẹ̀. Tí mo bá ti fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún, ó ti parí nìyẹn.”

Iṣẹ́ lẹ́ńsì ni kó kó ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara nǹkan wá jọ, kó sì tò ó sórí ojú kékeré kan tí à ń pè ní sẹ́ńsọ̀, kí àwòrán lè dúró níbẹ̀. Lódìlódì ni àwòrán náà máa ń dúró, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè. Bí wọ́n ṣe ń ka sẹ́ńsọ̀ ló ń tún un tò. Nínú irú kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀, wọ́n ti yí lẹ́ńsì sí ibi tí ojú ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yóò ti hàn kedere, wọ́n á sì fi gúlù díẹ̀ dè é.

Nígbà tó tú lẹ́ńsì náà kúrò pátápátá, mo rí gíláàsì pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá dà á síhìn-ín, ó pọ́n díẹ̀. Bí a bá dà á sọ́hùn-ún, ó dà bí ẹni pé ó ní ewé nínú. Gíláàsì yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lọ. Sílíkọ́nì tí wọ́n fi ṣe ojú kámẹ́rà ń rí irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò lè rí, ìyẹn èyí tó kọjá pupa, tí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ń lò. Gíláàsì náà ló ń dí i lọ́nà. Ọ̀dọ́kùnrin náà yọ ọ́, ó dá lẹ́ńsì padà sáyè rẹ̀, ó kọjú rìmóòtù sí kámẹ́rà, ó tẹ bọ́tìnì: iná funfun tàn yòò lẹ́nu rìmóòtù náà lójú kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ojú tiwa tó wà níbẹ̀ kò rí nǹkan kan. Ṣòkòtò dúdú tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wọ̀ sì ti di àlùkò. Bí kò bá sí gíláàsì yẹn, kò sí àwọ̀ kan tí kámẹ́rà lè mú bó ṣe rí.

Abẹ́ gíláàsì náà ni sẹ́ńsọ̀ wà, ojú dídán kan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò pé mílímítà 4. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gidi wà.

Ní 1905 ni Albert Einstein ṣàlàyé pé ìmọ́lẹ̀ ń wá ní ẹyọ-ẹyọ, àti pé ẹyọ kan lè lu ẹlẹ́kítírọ̀nù kan jáde láti ara ohun tó bá bà lé. Àlàyé yẹn ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un, kì í ṣe èyí tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Lára sẹ́ńsọ̀ yìí, wọ́n ti pín sílíkọ́nì sí ojú kéékèèké tí à ń pè ní píksẹ́lì. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, fífẹ̀ píksẹ́lì kan kò ju bíi mẹ́ta nínú rẹ̀ lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń bà lé e ni ẹlẹ́kítírọ̀nù ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, wọ́n á pọ̀. Ibi tó ṣókùnkùn, wọ́n á kéré. Nígbà tí àkókò bá tó, ẹ̀rọ wọn iye wọn, ó sì sọ ọ́ di nọ́ńbà, láti 0 tó jẹ́ òkùnkùn biribiri títí dé 1023 tó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó ti kún dẹ́nu. Gbogbo ohun tí kámẹ́rà mọ̀ nípa wa kò ju àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí lọ.

Willard Boyle àti George Smith ni wọ́n hùmọ̀ oríṣi kan nínú irú ojú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní 1969 ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gba Nobel fún un ní 2009. Ṣùgbọ́n tiwọn gbówó lórí, ó sì ń jẹ iná, nítorí ńṣe ni píksẹ́lì kan ń ti ẹlẹ́kítírọ̀nù rẹ̀ sí èkejì, láti ìlà dé ìlà, títí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń kà á. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, Eric Fossum àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe kámẹ́rà fún àwọn ẹ̀rọ tó ń lọ sójú sánmà wá ọ̀nà mìíràn: wọ́n fi tiransísítọ̀ sínú píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, kí ó lè máa wọn tirẹ̀ níbi tó wà. Irú ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lásán lè ṣe é, iná tó ń jẹ kò tó nǹkan. Ohun tó jẹ́ kí kámẹ́rà wọ inú fóònù wa nìyẹn, òun náà ló sì jẹ́ kí ọ̀kan wà lórí tábìlì lábẹ́ agbòòrùn ní Bàrígà.

Nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀ kò ní àwọ̀ nínú. Píksẹ́lì kò mọ pupa, kò mọ ewé. Bryce Bayer tó ń ṣiṣẹ́ ní Kodak ló wá ojútùú rẹ̀, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ìwé àṣẹ rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ ní 1976. Ó da àwọ̀ bo píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan: nínú mẹ́rin-mẹ́rin, méjì gba àwọ̀ ewé, ọ̀kan gba pupa, ọ̀kan gba búlúù. Ewé pọ̀ jù nítorí pé òun ni ojú ènìyàn fi ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn jù. Kò sí píksẹ́lì tó rí àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀rọ ń wo àwọn aládùúgbò rẹ̀, ó sì ń fi tiwọn ṣírò èyí tó kù.

Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú kò nílò kí ẹnikẹ́ni la ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí yé wọn. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà Bàjúláyé níbẹ̀, tó ti fi díígí kékeré wo kàlẹ́ńdà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lórí ẹ̀rọ, mọ̀ pé ojú olólùfẹ́ méjì tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ kò ju ẹ̀kán-ẹ̀kán yíǹkì lọ: búlúù, pupa, ìyeyè, dúdú. Ojú wa ló ń pa wọ́n pọ̀. Ibi tí iṣẹ́ wọn parí sí ni iṣẹ́ kámẹ́rà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń fi ẹ̀kán yíǹkì kọ́ ojú, kámẹ́rà ń tú ojú ká sí ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀. Bí pléètì kan bá sì ṣèèṣì yẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, àwọ̀ yóò yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Bí ìṣirò kámẹ́rà bá yẹ̀, irú àwọ̀ yẹn náà yóò yọ sí etí irun àti sí àárín aṣọ onílà wẹ́wẹ́.

Ìlà-ìlà ni wọ́n ń ka sẹ́ńsọ̀ náà, láti òkè wá sísàlẹ̀, bíi ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyí tí abẹ fáànù fi ń rí wíwọ́ nínú fídíò, nítorí pé kí wọ́n tó ka ìlà ìsàlẹ̀, abẹ náà ti kúrò níbi tó wà nígbà tí wọ́n ka ti òkè. Ọ̀rọ̀ iná wá wọ̀ ọ́. Iná ìjọba wa ń lọ ní 50 Hz, gílóòbù ibẹ̀ sì ń tàn, ó ń rẹ̀ nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa kò rí i, kámẹ́rà rí i. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 60 Hz, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló sì dé ọwọ́ wa pẹ̀lú ìṣètò 60. Bí a kò bá yí i padà, ìlà dúdú yóò máa yí lójú àwòrán lábẹ́ gílóòbù. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tún wá burú jù: ó gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan kí iná rẹ̀ tó lè jẹ́ 50. Bí ẹnì kan bá ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, ẹ̀ńjìnnì á fà sẹ́yìn, iye náà á wálẹ̀, àwọn ìlà náà á sì tún dé. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbé kámẹ́rà tó pé pérépéré lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ nítorí èyí.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ìyá yẹn wà.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka nọ́ńbà tán, ẹ̀rọ kékeré kan tó wà lórí pátákó kan náà ló ń pinnu bóyá ìmọ́lẹ̀ tó wọlé tó. Kò mọ ojú ènìyàn yàtọ̀ sí ògiri. Ó ń ro gbogbo nọ́ńbà àwòrán pọ̀, ó ń pín in, ó sì ń fẹ́ kí ohun tó bá jáde jẹ́ ìwọ̀n àárín, kò mọ́lẹ̀ jù, kò ṣókùnkùn jù. Bí àròpọ̀ náà bá ga, ó máa gé àkókò tí sẹ́ńsọ̀ fi ń gba ìmọ́lẹ̀ kúrú. Bí ó bá kéré, ó máa fà á gùn, tàbí kó sọ nọ́ńbà di ńlá lẹ́yìn tí wọ́n ti kà á, èyí tó ń mú kí àwòrán kún fún ẹ̀kán wẹ́wẹ́.

Ẹ wá gbé ènìyàn dúdú jókòó síwájú aṣọ funfun, bí wọ́n ti ń ṣe níbi ìforúkọsílẹ̀. Aṣọ funfun ló gba ibi tó pọ̀ jù nínú àwòrán. Ẹ̀rọ ro ó pọ̀, ó ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó gé e. Aṣọ náà bọ́ sí ìwọ̀n, ojú ẹni náà sì ṣubú sínú òkùnkùn. Ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ yóò yọ díẹ̀ nínú ìdájọ́ yìí nítorí pé nọ́ńbà tirẹ̀ súnmọ́ ti aṣọ; ẹni dúdú ló ń san gbèsè aṣọ funfun. Bí oòrùn bá tún wà lẹ́yìn rẹ̀, ó parí. Kì í ṣe pé sẹ́ńsọ̀ kò lè rí àwọ̀ dúdú. Ó rí i, wọ́n ní kó má dúró wò ó pẹ́ ni.

Agbòòrùn tún ní tirẹ̀. Ìyeyè, pupa, ewé: oòrùn tó bá gba inú rẹ̀ kọjá ń da àwọ̀ yẹn sí ojú ẹni tó jókòó sábẹ́ rẹ̀. Kámẹ́rà ń gbìyànjú láti tún àwọ̀ ṣe. Ó gbà pé bí wọ́n bá po gbogbo àwọ̀ inú àwòrán pọ̀, eérú ló yẹ kó jáde. Ojú ènìyàn lábẹ́ agbòòrùn ìyeyè yóò wá jáde bí ojú aláìsàn.

Kí àwòrán tó kúrò nínú ike náà, wọ́n á fún un mọ́ra. Ìṣirò rẹ̀ kò le: àwòrán 1280 lọ́nà 720 ní píksẹ́lì 921,600, bí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 2, tí a sì ń fi 30 ránṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lé ní mílíọ̀nù 55 báìtì. Okùn USB tó wọ́pọ̀ kò lè gbà ju mílíọ̀nù 60 lọ lórí ìwé, kì í sì í pé bẹ́ẹ̀ rárá. Nítorí náà, kámẹ́rà á pín àwòrán sí igun mẹ́rin-mẹ́rin kéékèèké, 8 lọ́nà 8, á sì da ohun tó rò pé ojú kò ní bèèrè nù. Nínú òkùnkùn ló ti ń da nǹkan nù jù: ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́, ilà ojú, àpá. Ojú tó ti ṣókùnkùn tẹ́lẹ̀ á wá di pẹlẹbẹ.

Ìpalára rẹ̀ kò tún mọ sórí ẹwà àwòrán. Ní 2018, Joy Buolamwini tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà, àti Timnit Gebru, tẹ ìwádìí kan jáde nípa ẹ̀rọ tó ń wo ojú kó lè sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Wọ́n fi àwòrán àwọn aṣòfin láti Rwanda, Senegal, South Africa, Finland, Iceland àti Sweden dán ẹ̀rọ wò. Fún ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe ẹ̀rọ tó burú jù kò kọjá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó dé 34.7. Ẹ̀bi tó pọ̀ níbẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó kọ́ ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ojú òyìnbó, ṣùgbọ́n wọ́n sọ níbẹ̀ pẹ̀lú pé bí wọ́n ṣe ya àwòrán ní ọwọ́ nínú rẹ̀, nítorí ìṣètò kámẹ́rà kì í fi bẹ́ẹ̀ ro ti àwọ̀ dúdú.

Nílé tiwa, INEC bẹ̀rẹ̀ sí í lo BVAS, ẹ̀rọ tó ń dá olùdìbò mọ̀, ní 2021, wọ́n sì lò ó káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2023. Bí ẹ̀rọ náà kò bá gba ìka, ojú ni yóò wò, tí yóò fi wé èyí tó wà nípamọ́. Àwọn tí ìka wọn sábà máa ń kọ̀ ni àwọn tó ti fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ agbára: àwọn ìyá tó ń yan ẹja ní Ìlàjẹ létí ọ̀sà, àwọn bíríkìlà, àwọn atẹ̀wé tí kẹ́míkà ti jẹ ọwọ́ wọn. Àwọn gan-an ni ojú wọn gbọ́dọ̀ hàn nínú àwòrán.

Ọ̀dọ́kùnrin náà to kámẹ́rà rẹ̀ padà, èmi àti òun sì dán ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ yìí wò. A fi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ dúdú dáadáa kan, jókòó síwájú ògiri funfun, ó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ojú rẹ̀ dúdú, imú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. A yí àga náà kí ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, a fà á kúrò lára ògiri. Kíá, ìlà ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ yọ, àpá kékeré kan tó wà lórí igi imú rẹ̀ yọ, bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe dán lójú iná wá hàn. Ọ̀gá rẹ̀ ṣí ìṣètò kámẹ́rà, ó fa ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ sókè díẹ̀, ó yí 60 sí 50. Ọmọ náà wo ara rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ó ní kí a jọ̀ọ́ ya òun báyìí, òun fẹ́ fi sórí WhatsApp.

Owó wo ni a ná? Iná alágbára kékeré tí wọ́n fi ń tajà lálẹ́ ní gbogbo ìta Bàrígà tó fún un bí òjò bá ṣú. Ẹni tí ìjọba gbé kámẹ́rà lé lọ́wọ́ yẹ kó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kó tó jókòó sídìí tábìlì: kí ó má gbé ènìyàn kẹ̀yìn sí oòrùn, kí ó má gbé e há ara aṣọ funfun, kí ó lo agbòòrùn funfun tàbí kí ó wọ abẹ́ òjìji ilé, kí ó nu lẹ́ńsì láràárọ̀, kí ó sì wo àwòrán kó tó tẹ bọ́tìnì. Nígbàkúùgbà tí ìdìbò gbogbogbòò bá tún ń bọ̀, wọ́n á tún gbé tábìlì wọ̀nyí jáde. Bí òṣìṣẹ́ kan bá sọ fún yín níbẹ̀ pé ẹ ti dúdú jù, ẹ dìde, kí ẹ fúnra yín gbé àga náà kọjú sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì ní kó tún un yà.